Máṣíìnì Mi àti Ìkíni Ojú Ọ̀nà Ìlárá

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó ti agbọ̀n obì láti ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tí kòkòrò ti wọ̀, kì í pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ àpótí. Ìyá mi máa ń sọ pé orí máṣíìnì ni òun bí mi sí. Irọ́ ni, ọsibítù Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Bàbá mi, tó ń ta gbàǹja fún àwọn Haúsá tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya, ló máa ń gbé mi síwájú lórí táǹkì máṣíìnì rẹ̀, láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, tá a bá ń lọ ra obì lóko. Kí n tó mọ Fátíhà kà dáadáa ni mo ti mọ ìgbà tó yẹ kó yí jíà.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì ń gun tèmi. Pupa ni. Akoto á wà lórí ìbòrí mi, ṣòkòtò á wà lábẹ́ bùbá gígùn, agbọ̀n obì á wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní kò yẹ kí obìnrin Mùsùlùmí máa ya ẹsẹ̀ lórí irin. Mo ní kí wọ́n wá máa bá mi ru agbọ̀n obì láti Ìlárá wá sí Ṣàgámù nígbà náà. Kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ohun tó ń ṣe obì ló ṣe etí mi. Èèyàn á mú obì lọ́wọ́, á máa dán, á tóbi, á tutù. Kòkòrò ti wà nínú ẹ̀ láti orí igi, ìgbà tó o bá là á lo máa tó rí i. Èmi náà ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń rò pé àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, pé ìwà ayé òde òní ni. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ nílé ìwé girama, ló fipá mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Wọ́n gbé nǹkan lé mi létí méjèèjì, wọ́n ní kí n máa na ọwọ́ tí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àṣé wọ́n ti parí.

Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún mi. Nínú yàrá, ó wúlò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lórí máṣíìnì, atẹ́gùn á wọnú ẹ̀, á di ariwo bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Tí akoto bá tún fún un mọ́ mi létí, á máa han bí ọmọ ẹyẹ. Nítorí náà, mo máa ń yọ ọ́, màá di í sí etí ìbòrí mi. Itan ni mo fi ń gbọ́ máṣíìnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń fẹ́ jíà míì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á sọ fún mi. Tí ṣéènì bá dẹ̀, màá mọ̀ ní ìdí. Òun nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀ láì pariwo mọ́ mi.

Ohun tí mi ò lè fi itan gbọ́ ni ìkíni. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ̀ pé èèyàn kì í kọjá níwájú ilé onílé bí afẹ́fẹ́. Tó o bá ń lọ lórí máṣíìnì, wọ́n á kí ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ìdí agbada gàrí, àní láti abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe: "Ẹ kú ọ̀nà o!" Ìwọ náà á dáhùn. Bó o tiẹ̀ ti kọjá, wàá ju ìdáhùn sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá dáhùn, ó ti rí wọn fín nìyẹn. Èmi ò gbọ́, èmi ò dáhùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kiri pé Ìyá Olóbì ti ń gbéra ga, pé owó obì ti ń gùn ún. Ó dùn mí gan-an.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní dípò kí n máa dúró de ìkíni tí mi ò ní gbọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ máa kí wọn. Ẹnikẹ́ni tí mo bá ti rí, màá na ọwọ́ sí i, màá mi orí, màá rẹ́rìn-ín: arúgbó, ọmọdé, ẹni tó ń tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Mo ti kí ère tí aránṣọ kan wọ aṣọ fún síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, àfi pé àsìkò ìdìbò ló bọ́ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn géńdé kan wá bá mi nílé, wọ́n to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Olórí wọn kọjú sí mi dáadáa kí n lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ má fi bò mọ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa ń juwọ́ sí gbogbo ayé báyìí tí kì í ṣe pé ìbò ló ń wá. Ẹgbẹ́ wo lẹ wà, kí lẹ sì ní nílẹ̀ fún àwa ọ̀dọ́?"

Ìgbálẹ̀ ni mo fi lé wọn jáde. Ìyẹn tún wá ba nǹkan jẹ́ sí i, torí wọ́n ní mi ò tíì wọlé ìbò tí mo ti ń lé ará ìlú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo kọjú síwájú, mò ń lọ ní tèmi. Mo gbà pé wọ́n ti ṣíwọ́ kíkí mi, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí, tí wọn ò bá kí èèyàn níbẹ̀ mọ́, kí ló kù? Mo wá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kí n lè tètè kọjá lójú wọn.

Eré yẹn ló kó bá mi. Lọ́nà Ìlárá, níbi tí oko obì ti sún mọ́ títì, típà kan tó ru òkúta ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ó fun họ́ọ̀nù títí ó fi sú u. Nígbà tó fipá yà mí sílẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé èmi àti máṣíìnì àti agbọ̀n obì wọgbó. Dẹ́rẹ́bà dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo dìde láàárín obì tó fọ́n ká. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí kà lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé adití ni ẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

Ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́. Èmi náà ò tíì sọ ọ́ jáde rí, àní fún ara mi pàápàá. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi ṣa obì.

Ìgbọ̀nwọ́ mi bó yánnayànna. Ọmọ mi rí i, ó gba kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀. Ó dúró síwájú mi, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí n gbọ́ gbogbo ẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá pè mí ní kíláàsì pé kí n wá gbé yín lójú títì." Mẹkáníìkì kan ti ń yọjú sí máṣíìnì náà tipẹ́, ọmọ mi ní òun ń lọ tà á fún un. Inú bí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyá sọ sọ́mọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ibi tí màá fara sí. Màá fọ máṣíìnì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Màá jókòó lórí ẹ̀ nínú ọgbà, màá máa yí jíà lásán. Obì ò sì ní fẹsẹ̀ rìn wá bá mi nílé, ni mo bá ń gun ọ̀kadà. Ẹ gbà mí! Gbogbo ọ̀nà ni ẹsẹ̀ mi ń wá bíréèkì tí kò sí. Mò ń lu ọlọ́kadà léjìká, "Yí jíà, o ti ń ni ín lára!" Nígbà tó yá, ó dúró, ó yíjú sí mi, ó ní kí n wá gùn ún tí mo bá mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ ni.

Nígbà tó sú ọmọ mi láti máa wo bí mo ṣe ń rìn kiri nínú ilé, ó dá àbá kan. Ó ní tó bá di Sátidé, òun máa jókòó sẹ́yìn mi lọ sí Ìlárá. "Mi ò ní fọwọ́ kàn yín, àfi tí ikú bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kàn yín, Màámi, a máa tà á." Kò tíì pa ẹnu dé tí mo fi gbà.

Lọ́jọ́ náà, mo yẹra fún ọ̀nà márosẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, àwọn tírélà Ògèrè kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Mo rọra ń gùn ún. Mò ń wo díńgí ọ̀tún, mò ń wo tòsì, mò ń wo òjìji ọkọ̀ nílẹ̀, mò ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú, torí tí nǹkan ńlá bá wà lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo yà fún bọ́ọ̀sì. Mo yà fún ọlọ́kadà tó ń sáré. Mo ní ó dáa, jẹ́ kó rí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọmọ yìí ò dákẹ́. Àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú eegun ẹ̀yìn mi, hùn-ùn, á dákẹ́, hùn-ùn, látìgbà tá a ti kúrò ní Ṣàgámù. Mo ní bóyá ó ń gbàdúrà ni, àbí ó ń bú mi. Mi ò dúró bi í, kí n má bàa ba ìdánwò mi jẹ́.

Nígbà tá a dé ibi tí oko obì ti bẹ̀rẹ̀, mo gbójú sókè. Ìṣe àwa olóbì ni. Kò sẹ́ni tó ń ra obì tó máa kọjá lábẹ́ igi rẹ̀ tí kò ní wòkè, kó lè mọ bó ṣe so sí. Orí igi ni ojú mi wà tí ẹ̀ṣẹ́ fi bà mí léjìká. Mo yà sínú koríko láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Típà kan kọjá lára wa gbùúù, gbogbo eegun mi gbọ̀n. Ọmọ mi di mí nínú mú, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù mí lẹ́yìn.

Bàbá tí mò ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlárá ti jókòó dè wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Arúgbó ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. A kúnlẹ̀ kí i. Mo yọ akoto, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo nà án sí ọmọ mi. "Gbà. O fọwọ́ kàn mí. Lọ tà á." Mo fẹ́ràn máṣíìnì yẹn bí ojú mi, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àgídí pa ọmọ tí mo bí. Mo tú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí ìbòrí, mo fi sétí.

"Ṣùgbọ́n kí lò ń sọ lẹ́yìn mi látilé? Ṣé èébú ni àbí àdúrà?"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Mò ń dá wọn lóhùn ni."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń kí yín! Gbogbo ọ̀nà ni, Màámi. Àwọn tó ń lẹ táyà, àwọn ìyá tó ń yan gàrí, àwọn àgbà ìta mọ́sáláṣí. Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyá Olóbì! Ọ̀nà á là o! Mò ń ju ìdáhùn sẹ́yìn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń kí yín nìyí?"

Mo fìdí lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo sọ fún Bàbá pé mo rò pé wọ́n ti ṣíwọ́, pé wọ́n ń bá mi bínú. Bàbá sún mọ́ mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ta ni kò mọ̀ pé o ò gbọ́ mọ́?" ó ní. "Dẹ́rẹ́bà típà yẹn ti sọ ọ́ káàkiri. Ṣé torí pé èèyàn ò gbọ́, ká wá jẹ́ kó kọjá láì kí i?"

Mo sunkún, mi ò sì bojú.

Nígbà tá a di obì tán, ọmọ mi mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ò tà á mọ́. "Ọjọ́ Sátidé nìkan, èmi sì máa wà lẹ́yìn. Àwọn ọjọ́ tó kù, inú báàgì mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Tẹ́ ẹ bá sì tún wòkè lábẹ́ igi obì, ẹ̀ṣẹ́ ni." Mo bi í pé ṣé a ò lè fi Wẹ́sídé kún un. Ó ní rárá.

Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn. Láti ọjọ́ Àìkú ni ẹsẹ̀ mi á ti máa jó lábẹ́ àpótí, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, mi ò ṣeé bá gbélé. Lọ́jọ́ Sátidé, màá ti de akoto, màá ti jókòó sórí máṣíìnì kí ọmọ mi tó wá bàtà rẹ̀. Mo tún ti ń na ọwọ́ sí gbogbo èèyàn bíi tàtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó ní ìbò ni mò ń wá. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n tí eegun ẹ̀yìn mi bá ti mì, hùn-ùn, mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi ni.