Igbá Méjì Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó ti ọbẹ̀ lórí iná, kí ọbẹ̀ náà tó hó, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi a máa fi orúnkún tẹ etí ìró mi mọ́ bẹ́ǹṣì kí n má baà dìde kí àdúrà tó parí. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnì kan bá jáde nílé, mi ò lè jókòó wo tẹlifíṣọ̀n títí á fi wọlé, ẹ rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó rárá. Láti kékeré ni ara mi kò ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń lé mi kiri nígbà náà kọ́ ló ń lé mi kiri báyìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí i padà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjù-Odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò á fà sẹ́yìn kúrò nínú àbàtà, á sì fi kòtò omi sílẹ̀ káàkiri lábẹ́ àwọn igi ògùrọ̀. Inú àwọn kòtò yìí ni àrọ̀ àti èpìyà máa ń há sí. Iṣẹ́ obìnrin ni láti gbọ́n wọn. A ó fi ẹrẹ̀ dí ẹnu kòtò, a ó wá máa fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ dà nù títí ẹ̀yìn ẹja á fi yọ síta. Ẹ má rò pé eré ni o. Ẹ̀yìn á máa ro èèyàn, eṣúṣú á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àrọ̀ á sì fi ẹ̀gún gún un lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé ìwé lọ, torí pé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ní kí n jókòó.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí wa. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, ṣùgbọ́n tó bá ti wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ kòtò kí òun tó fi ọ̀pá gún gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé ọ̀nì kékeré a máa fi ara pamọ́ sínú ẹrẹ̀, erè a sì máa ká sí abẹ́ gbòǹgbò. A kì í ki ọwọ́ bọ ihò tí a kò rí inú rẹ̀. Etí odò ńlá gan-an, a kì í débẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọ̀nì máa ń yá oòrùn lọ́sàn-án.

Ti ẹranko nìyẹn. Ti èèyàn ló wá le jù. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ ẹnìkan nínú àbàtà. Ó ní bí àjèjì bá fara pamọ́ tó gbọ́ orúkọ ọmọ, ó lè lọ dúró sí kọ̀rọ̀ kan kó máa fi orúkọ náà pè é, ọmọ á sì rò pé ìyá òun ni. Nítorí náà, oníkálukú wa ló ní igbá tirẹ̀ àti ọ̀pá kékeré kan. Bí ìyá àgbà bá lu igbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á dá a lóhùn, iye ìgbà tí oníkálukú máa ń lù yàtọ̀ síra. Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì. Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀ lé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, a ó pa gbogbo iṣẹ́ tì, a ó wá a. Ó sì kọ́ wa pé bí àjèjì bá gbá wa mú, kí a má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀, kí á jẹ́ kí eyín wa bá a sọ ọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ogun abẹ́lé dé Òrè, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Òjò ti dá, ogun ti fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò tíì lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ní wọ́n rí àwọn tó sá lójú ogun, wọ́n ń ní gbọ́mọgbọ́mọ wà lọ́nà Ìkọ̀yà. Àwọn ìyàwó ilé wa tún ní àwọn rí ọkùnrin kan tó ń dá wa ọkọ̀ kékeré lórí odò, tí kì í kí èèyàn. Ìyá àgbà wá pè mí sẹ́yìn ulé, gẹ́gẹ́ bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ilé, ó ní, "Ọma mi, mo fi àbúrò ẹ lé ẹ lọ́wọ́. Ibi tó o bá wà ni kó wà."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi gan-an ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, àbúrò mi kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó máa ń rọra rìn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wo gbogbo kòkòrò, bí ẹ̀gún bá sì gún un, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fà á lọ́wọ́ kiri, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó ẹja ńlá, tí èmi ń ṣa èpìyà wẹ́wẹ́ tí kò tó ìka létí kòtò pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, oòrùn ti dé àárín orí, a ti jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ tí a dì sínú ewé tán, ni ariwo sọ ní kòtò tó jìnnà jù. Àwọn ọmọbìnrin tó dàgbà jù wá lọ ti rí àrọ̀ kan tí wọ́n ní gígùn rẹ̀ tó apá èèyàn. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo wo àbúrò mi, ó ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé. Mo mọ̀ pé bí mo bá mú un dání, a ò ní débẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹja náà tán. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ tí òun lu igbá tirẹ̀ níbí, tí èmi lu tèmi lọ́hùn-ún, ìyá àgbà á mọ̀ pé a ò sí papọ̀, torí etí rẹ̀ mú. Ẹ wá wo ọgbọ́n ọmọ burúkú: mo gba igbá ọwọ́ rẹ̀, mo ní kó máa mọ ilé rẹ̀ lọ, kó má ṣe kúrò níbẹ̀, mo sì sáré lọ.

Igbá ìyá àgbà dún nígbà tí mo dé ọ̀hún. Mo lu tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mo sinmi díẹ̀, mo lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó fura. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo rí i pé èèyàn lè wà níbi tó wù ú, kí igbá sì máa jẹ́rìí pé ó wà níbi tí wọ́n ní kó wà. Igbá tún dún lẹ́ẹ̀kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà, ilé ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò mi kò sí.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó fi ara pamọ́ fún mi ni. Mo yí gbogbo igi ògùrọ̀ tó wà níbẹ̀ ká. Ni mo bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré nínú ẹrẹ̀, kò kọjú sí ọ̀nà tí mo gbà. Ìhà odò ńlá ló kọjú sí. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò sì lè pè é, torí èèwọ̀ ni, àti torí pé bí mo bá pè é, gbogbo èèyàn á mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí igbá ìyá àgbà dún lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ èyí kó dára létí. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ti sọnù. Bí mo bá dákẹ́ ní ìgbà mẹ́ta tó jẹ́ tirẹ̀ yẹn, gbogbo obìnrin inú àbàtà ni ì bá sáré jáde wá a. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú ìyá àgbà, ẹ̀rù bà mí. Mo lu tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé igbá àbúrò mi, mo sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń bó iṣu kan, ni igbe ta láti ìhà odò. Gbogbo wa sáré síbẹ̀. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láàárín igbó, ó ga, ó dúdú, omi ń kán lára rẹ̀. Àbúrò mi wà ní abíyá rẹ̀, ó ń ké, ó sì fi eyín kọ́ ọ lápá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá ọkùnrin náà, kò sì jù ú sílẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìkánjú, ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èdè Ìjọ́ ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa.

Àwọn obìnrin yí i ká pẹ̀lú àdá. Ìyá àgbà fa ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Ọma yìí ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí ni mo gbọ́ ugbá ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lo ti jí i gbé!"

"Iye, ẹ jẹ́ ká dè é," ni ìyàwó ilé wa kan, èyí tó lágbára jù nínú wọn, wí fún ìyá àgbà; "Iye" ni àwa ń pe ìyá. "A ò mọ iye tí wọ́n jẹ́."

Wọ́n fi okùn ìko dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan fi ẹ̀yìn àdá gbá a léjìká, ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún. Bí wọ́n bá mú un dé abúlé, lọ́dún yẹn, tí inú gbogbo èèyàn ń ru, mo mọ ohun tí àwọn ọkùnrin máa ṣe sí i. Ìró tí mo lù ni ẹ̀rí tí wọ́n fi mú un. Níkẹyìn, mo gbé igbá méjèèjì sókè níwájú gbogbo wọn, mo lu èyí tó jẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lu èkejì lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá àgbà wo igbá ọwọ́ mi, ó wo ọmọ tó gbá mọ́ra, ó rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ṣófo.

"Ṣé o mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ nígbà tó o lù ú?"

"Mo mọ̀," ni mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Kò bá mi wí. Ó tẹ̀ lé ibi tí ọkùnrin náà ń nawọ́ sí, àwa náà tẹ̀ lé e. Létí odò ńlá, ipa ẹsẹ̀ àbúrò mi dé ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ipa ikùn ọ̀nì wà, ó fẹ̀ ju ẹní lọ, ó sì ṣì tutù. Ọkọ̀ ọkùnrin náà ti dojú dé sínú omi, torí pé ńṣe ló fò jáde láì dúró so ó.

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló tú okùn náà. Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí òun lè bí lọ́mọ, ó bu omi, ó fọ ẹ̀jẹ̀ ojú eyín náà. A gbé agbọ̀n àrọ̀ fún un, kò gbà á. Púpurú tó ṣẹ́kù ló gbà, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, ó wo àbúrò mi, ó wo apá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yí ojú ọkọ̀ rẹ̀ sókè, ó gbọ́n omi inú rẹ̀, ó wà á lọ. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Inú àbàtà ni a wà, kò sẹ́ni tó bi í.

Mo retí ẹgba títí, ẹgba kò dé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà gba igbá mi, ó gbé e há sí àjà. Ó ní, "N kò ní fetí ṣọ́ ẹ mọ́. Ojú ni n ó máa fi ṣọ́ ẹ." Títí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn fi parí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń dúró sí bí ọmọ ìkókó, ó sì ń dùn mí ju ẹgba lọ.

Ayé ti yí. Wọ́n ti gbin ọ̀pẹ sí ọ̀pọ̀ ibi tí àbàtà wà, inú fìríìjì ni ẹ ti ń mú ẹja. Ọ̀nì ti di ohun tí ẹ ń wò nínú fóònù. Àjèjì ní tiwọn kò lọ síbì kankan, ọ̀nà mọ́tò gan-an la ti ń bẹ̀rù wọn báyìí. Bí mo bá pè yín pé ṣé ẹ ti délé, ẹ ó ní, "A ti délé, Màmá," èmi á sì ní kí ẹ fi ojú yín hàn mí, kí ẹ fi ògiri ilé hàn mí. Ẹ ní mi ò fọkàn tán yín. Ẹ̀yin kọ́ ni mi ò fọkàn tán.

Àbúrò mi ti di ìyá àgbà ní Erinje. Tó bá pè mí, kó tó kí mi, á fi ìka lu fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti dárí jì mí tipẹ́. Èmi kì í lù ú padà. Mo máa ń sọ fún un pé, "Tan iná yàrá, kí n rí ẹ."