Àwọ̀ Inú Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Mi

Òórùn tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ọkọ̀, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù, pẹ́ńtà ọkọ̀ kan ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹsẹ̀ mi sì dúró fúnra rẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ló gba agboolé wa ní Oníyanrìn kan lọ́jọ́ tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn kun inú ọkọ̀ ìjàpá wọn, nítorí ohun tí mo ṣe tí mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀rẹ́ mi.

Ọkọ̀ yẹn náà ni mo gbé fún Kàmọ́rù pé kó tún un ṣe. Abẹ́ tapólì ló wà látìgbà tí bàbá mi ti kú. Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á fáwọn onírin àlòkù; mo ní kí wọ́n dúró dìgbà témi náà bá di àlòkù. Funfun ara rẹ̀ kò le. Irin inú rẹ̀, níwájú dẹ́rẹ́bà àti létí fèrèsé, ló dá wàhálà sílẹ̀. Kì í ṣe funfun, kì í ṣe yẹ́lò. Ó dà bí ògì bàbà tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kàmọ́rù po ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbẹ tán tí kò bá a mu.

"Àlàájà, ẹ jẹ́ ká kúkú kùn ún ní yẹ́lò," ó ní. "Ta ni yóò mọ̀?"

Ẹnì kan wà tí yóò mọ̀. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ máa ń rẹ aṣọ láró ní Pópó Yemọja. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Sìdí nígbà náà, ṣùgbọ́n bó bá wo aṣọ lẹ́ẹ̀kan, á sọ iye ìgbà tí wọ́n rì í bọ ìkòkò aró. Lójú tèmi, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Bá a bá ti ilé kéwú dé, a máa ń wọ inú ìjàpá lọ: èmi dẹ́rẹ́bà, òun èrò tó ń ráhùn títí a ó fi dé ibi tá à ń lọ. Níbẹ̀ ni mo ti fi ìṣó ha lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ mi síwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan.

Bàbá mi béèrè ẹni tó ṣe é. Kéwú nìkan ni wọ́n gbọ́, wọn ò mọ a, b, d. Mo nawọ́ sí Sìdí. Ó wò mí. Bàbá ní kó má wá sílé wa mọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà bo ojú ibẹ̀. Ọ̀dà náà kò bá tìṣáájú mu, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti wí? Kí ọdún Iléyá tó dé, ìyá Sìdí ti kó lọ sí Mọníyà tòun tàwọn ọmọ rẹ̀, n kò sì rí Sìdí mọ́.

Nígbà tí ọ̀dà Kàmọ́rù wá kọ̀ tí kò bá a mu yìí, àbúrò Sìdí ọkùnrin, tó ń ránṣọ ní Ìdí Arère, ló fún mi ní nọ́ńbà fóònù Sìdí. Mo pè é, ó sì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Kàmọ́rù ti fi sánpépà ha ọ̀dà bàbá mi kúrò, lẹ́tà náà sì hàn kedere. N kò tíì kí i tán tí mo fi sọ pé, "Sìdí, mo purọ́ mọ́ ọ. Dárí jì mí."

"Mo wà níbẹ̀," ó ní.

"Kí ló dé tó ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé lẹ́tà orúkọ mi ni? Ìwọ náà mọ̀wé."

"Bàbá ẹ á nà ẹ́. Mo rò pé tó bá dọ̀la, wàá sọ ọ́ fúnra ẹ." Ó fìka kan lẹ́tà náà. "Ọ̀la yẹn ló pẹ́."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tó, lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ̀. Ó ní kí Kàmọ́rù yọ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọ̀ àkọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé.

"Gbé ọ̀dà tó o pò síta kó o tó wò ó," Sìdí ní. "Má sì gba ọ̀dà tútù gbọ́ títí yóò fi gbẹ."

Ó ní kó kán búráùn díẹ̀ sí i, àti pupa tí kò ju orí ìṣáná lọ. Nígbà tó gbẹ, a ò mọ ibi tí àwọ̀ àtijọ́ parí sí. Kàmọ́rù wá bi wá léèrè ohun tí òun yóò ṣe sí lẹ́tà náà.

"Dí i," Sìdí ní. "Ó ti tó."

Kò síkòkò aró kankan mọ́ ní Pópó Yemọja níbi tí ìyá Sìdí máa ń gbé tiwọn kalẹ̀ sí. Fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá náà kọ́ kò bá ìkòkò lọ: bí àwọ̀ bá ti dá Kàmọ́rù lágara, Sìdí ló ń pè. Ọdún tá a fi pínyà kò ní padà, èmi àti ẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la ni Jímọ̀. Mo ti ṣa ẹ̀wà sílẹ̀, nítorí Sìdí pè láàárọ̀ yìí pé òun ń bọ̀ wá jẹun, àti pé kí n má da iyọ̀ púpọ̀ sí i.