A Kì í Lo Oògùn

Àwọn oníbàárà mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ahọ́n mi. Obìnrin kan láti ìlú Moretan béèrè iye tí mò ń ta abọ́ oníke ńlá. Mo dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì já sílẹ̀ lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti mu sódàbì láàárọ̀ yìí ni. Èmi tí n kò mọ bí ọtí ṣe ń rí lẹ́nu!

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde láti kírun, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Ògiri ni mo dì mú kí n tó lè rìn. Ọkọ mi wò mí, ojú rẹ̀ fà ro. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀ ní Ṣakí. Ó ní ó ti bá wa dé Atakpamé tí a wá ṣòwò sí náà.

Faransé ni dókítà ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ ń sọ. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n bí níbí, ló ń túmọ̀ fún wa. Ó yíjú sí ọkọ mi.

“Bàbá, ṣé ìyá ń lo oògùn kankan nílé?”

Ọkọ mi fò dìde. Oògùn tí nọ́ọ̀sì ní lọ́kàn kọ́ ló gbọ́. Ońdè àti ìgbàdí ló gbọ́, òun tó ti dé Mẹ́kà.

“Àwa kẹ̀? A kì í lo oògùn o! Mùsùlùmí ni wá. Ọlọ́run nìkan la gbójú lé.”

Nọ́ọ̀sì yí i sí Faransé, dókítà sì gbà pé n kò lo nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀, mò ń gbé hóró kọmpurímé kan mì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń pe kọmpurímé ní oògùn nílé wa? Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló yọ mí lẹ́nu nígbà òjò, wọ́n fún mi ní kọmpurímé, ó sì dá. Ọkọ mi ní kí àìsàn náà má baà padà, ló bá ń rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń kiri rẹ̀ lọ́jà. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ó ṣì ń rà á. Ìfẹ́ ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pàápàá, ó ń yọ ọ́ lápò fún mi kí inú mi má baà tún dàrú.

Àwọn ẹbí rẹ̀ wá pé lé mi lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé mo ti dití. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi padà sí Ṣakí, kí àbúrò ọkọ mi obìnrin máa jókòó sí ìsọ̀ mi. Mo ti dàgbà ju obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ ni mò ń pè é. Inú bí mi. Orí mi pé! Èmi ni mo kọ́ ìsọ̀ yẹn, pẹ̀lú òpó àti páànù tí mo fọwọ́ ara mi rà. Mo fẹ́ pariwo, ohùn tó jáde kò yé èmi gan-an.

“Wọ́n ní kí n máa bá wọn tà á lọ,” àbúrò ọkọ mi ló ń túmọ̀ igbe mi bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ńlá!

Ìgbà tí dókítà tún wá, ó ní kí n fi ìka kan imú mi. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì í, ọwọ́ òsì náà ṣì í. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àsìkò yẹn ni ọkọ mi yọ kọmpurímé. Mo pa ẹnu mi dé. Bí wọ́n bá máa kó mi bí ẹrù lọ sí Ṣakí, n kò ní gbé ohunkóhun mì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbá a dànù, páálí rẹ̀ sì bọ́ sẹ́sẹ̀ dókítà. Ó ṣà á, ó kà á, ó bi wọ́n pé láti ìgbà wo.

“Láti ìgbà òjò,” ni ọkọ mi wí. “Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe oògùn. Kọmpurímé ni.”

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ojú.

Dókítà ṣàlàyé pé metronidasóòlù ni orúkọ kọmpurímé náà, pé ó ń pa kòkòrò inú, àmọ́ bí a bá ń lò ó láìdáwọ́ dúró, ó lè kọlu ọpọlọ, kí ẹnu wọ́, kí ẹsẹ̀ má ran ilẹ̀, kí gbogbo ayé rò pé rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní rọpárọsẹ̀ sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan ni, tèmi sì ti mú méjèèjì. Ó dá kọmpurímé náà dúró, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò orí mi ní Lomé kó lè dá òun lójú. Fọ́tò náà gbè é lẹ́yìn. Ọkọ mi sunkún, mo sì fi í sílẹ̀ kó sun ún.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ bọ̀ sípò. Ahọ́n lọ́ra. Mò ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ bí ọmọ kéú, títí ọ̀rọ̀ kò fi já sílẹ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Wọ́n ní kí n ṣì sinmi, ọjà ni mo gbà lọ. Àbúrò ọkọ mi jókòó lórí àpótí mi, ó ń pọ́n àwọn oníbàárà mi lé. Ó kí mi káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sì nawọ́ sí abọ́ kan tó dojú dé ilẹ̀ pé kí n fìdí lé e. Mo dúró. N kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, bí a ṣe ń bá ọkọ ẹni sọ̀rọ̀ ni mo fi bá a sọ̀rọ̀.

“Ẹ dìde, ọkọ mi.”

Ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sáyè rẹ̀. Gbogbo ọjà gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.