Fọ́tò Rẹ̀ Wà Lára Ògiri Yín, Ẹ Ní Ẹ Ò Mọ̀ Ọ́n

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni Ìyá Onídìrí kú sí, níwájú yàrá tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Irun orí rẹ̀ tutù. Ẹni tó ń nulẹ̀ ló ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀,” màmá ò gbẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé òkú, wọ́n ní obìnrin àgbàlagbà kan ni, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ̀ ọ́n kẹ̀! Fọ́tò obìnrin yìí lẹ gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yín, tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà oníwáyà. Iwájú fọ́tò náà lẹ gbé òkú rẹ̀ gbà kọjá.

Yàrá tèmi àti tiẹ̀ kọjú síra. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ti jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀ rí. Á ní, “Gbórí ẹ dúró jàre, àbí orí ọ̀hún fẹ́ sá lọ ni?” Nígbà tó yá, ìgbàgbé dé. Á di irun oníbàárà débì kan, á dìde, á lọ sùn. Wọ́n fi ṣẹ̀rín, wọn ò sì wá mọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun. Bọ́mọ bá pè, ìyá á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?” Lẹ́yìn náà, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo fóònù.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn yín ni wọ́n wá pè é sínú ìwádìí kan. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rọ kan, fìlà oníwáyà kan, tó ń gba inú kànrìnkàn olómi iyọ̀ fi iná mànàmáná díẹ̀ sórí èèyàn, bí onítọ̀hún ṣe ń ta ayò ìrántí lójú kọ̀ǹpútà: ojú ta nìyí, kí lorúkọ rẹ̀? Kómi lè kan awọ orí, ó gbọ́dọ̀ tú irun. Obìnrin tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun! Ó tú u. Ó ní, “Ó ń rìn mí lórí bí èèrà, àmọ́ èèrà náà gbọ́n.”

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rọ náà ò wò ó sàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan fóònù dún, mo gbọ́ igbe: “Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ti jẹun?” Kò pẹ́ ló wá kan ilẹ̀kùn mi. “Bá mi gbọ́ o, kí ló ń pa á lẹ́kún? Mo kàn ní ṣó ti jẹun ni.”

Ìwádìí wá parí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fúnra wọn, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ. Wọ́n ní àwọn sọ fún un pé ó ti parí. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹni tẹ́ ẹ mú torí pé kì í rántí nǹkan, ẹ sọ̀rọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá tiyín lọ. Ẹ ò pe ọmọ rẹ̀. Ẹ ò wá ẹnikẹ́ni nílé wa. Ta ló yẹ kó rántí nínú ẹ̀yin àti òun?

Ó ń lọ ni tiẹ̀. Á túrun, á po omi iyọ̀, á dà á sórí, á lọ jókòó síwájú yàrá tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ náà. Bí mo bá lọ mú un wálé, á ní, “Wọ́n ń bọ̀. Wọn ò lè gbàgbé mi.” Àwọn nọ́ọ̀sì ń yà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Lórí fóònù, ọmọ ti tún di àlejò.

Èmi ni mo wá a kàn nílé òkú. Irun ẹni tó di irun fún gbogbo wa wà ní títú, kò sẹ́ni tó bá a dì í.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn, ta niṣẹ́ rẹ̀ láti pe ọmọ obìnrin yìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kó wá jẹ́jọ́. Ẹ sì tètè ṣe é, torí mo padà débẹ̀ lánàá. Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó ti fárí kodoro, ó ń fi aṣọ tútù nu ún. Ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n bá òun kan ilẹ̀kùn.