Don Abelino àti Ìbéèrè Tó Lé Ẹgbẹ́ Wáìnì Mẹ́ta Lọ

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò omi sódà sórí tábìlì ní òpópónà wa ní Tablada, nílùú Rosario, ẹnìkan á sáà sọ ìtàn ọjọ́ tí Olóògbé Don Abelino Moyano pa ọ̀jọ̀gbọ́n wáìnì lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹgbẹ́ kan tó máa ń fi páálí wáìnì ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù ló rán ọkùnrin kan, Señor Lisandro, wá kí bàbá náà káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Mirta, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbà á sílé, ti din ẹmpanada, ìyẹn páì ẹlẹ́ran, sílẹ̀ de àlejò. Òórùn rẹ̀ dé ìta, òun ló sì kó gbogbo wa wọlé.

Lisandro da wáìnì díẹ̀ sínú ife, ó yí i bírí-bírí, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó sì dijú.

"Mò ń gbóòórùn tábà," ló wí. "Mò ń gbóòórùn awọ. Lẹ́yìn náà, èso dúdú tó ti pọ́n dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́, Don Abelino?"

Bàbá náà ki imú bọ ife tirẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi ń gbóòórùn wáìnì."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, Don Abelino ti ju yìnyín méjì sínú ife, ó ti nawọ́ mú ìgò sódà, ó sì tẹ orí rẹ̀: fùúùù! Wáìnì olówó ńlá hó dé etí ife. Ọ̀jọ̀gbọ́n figbe ta.

"Don Abelino! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń mu wáìnì ni. Kí lẹ̀yin ń ṣe láti àárọ̀?"

Lisandro jẹ́ ọmọlúàbí, kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òkè gíga tí àjàrà náà ti hù, àgbá onígi tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Faransé, àti ọ̀gá tó pọn ọtí náà, ẹni tó gba oyè méjì lórí iṣẹ́ yìí. Bàbá wa fetí sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àlàyé parí, ó gbé ife sílẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ti òkè. Mo ti gbọ́ ti àgbá. Òkè ò lọ́wọ́, àgbá ò lọ́wọ́. Ta ló gé ẹ̀ka àjàrà náà?"

Lisandro wo Mirta, ó wo àwa, ó yí ìgò kiri wo ara rẹ̀. Orúkọ náà ò sí níbẹ̀. Ó jẹ ẹmpanada kan sí i, ó sì rántí pé òun ní ibòmíràn tóun ń lọ.

Ẹ má rò pé aláwàdà lásán ni bàbá yìí. Ìgbà òtútù mọ́kànlélógójì ló fi gé ẹ̀ka àjàrà ní Maipú, lágbègbè Mendoza lọ́hùn-ún, àti pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ẹni tó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ni adájọ́ ọgbà. Bí o bá gé e jù, igi á ṣahun. Bí o bá dá a sí jù, èso á pọ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ni yóò jẹ́. Bí o bá sì gé e níbi tí kò yẹ, igi náà á bá ọ bínú fún ọdún mẹ́ta. Ní ọgbà Arrieta àgbà, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kan wà lẹ́yìn kòtò omi, àjàrà tí wọ́n ń pè ní Bonarda. Don Abelino nìkan ló ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wá kó èso náà lọ lọ́dọọdún. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíràn, ó di wáìnì, ó di ti ẹni tó kọ orúkọ sára ìgò. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò mu ife kan rí tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìlà òun lẹ́yìn kòtò ló ti wá. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un, Mirta lọ gbé e wá sí Rosario, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní igi àjàrà kan.

Mirta fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí àlejò bá bèèrè iṣẹ́ tí bàbá ṣe, á ní, "Oko ló wà. Wọ́n máa ń gé igi," á sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Bàbá ń gbọ́. Á kàn máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Bí ọ̀bẹ ṣe wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ta ni bàbá fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí? Lọ́jọ́ kan, nígbà tí Mirta lọ sọ́jà, ó sọ ọ́ fún wa láìfi bò.

"Kí n tó kú, mo fẹ́ gbé ìgò kan síwájú ọmọ mi, kí n ní, 'Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé.' Bí mi ò bá rí i gbé, á sin mí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé."

Ìdí tó fi ń wọ ẹgbẹ́ wáìnì kiri nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀ràn òùngbẹ.

Ẹgbẹ́ Lisandro ló kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n sì fún un ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin kí wọ́n lè mọ ohun tó bá a lára mu. Wọ́n ní, irú wáìnì wo lẹ fẹ́ràn? Ó kọ ọ́ pé, "Tinú ife." Kí lẹ máa ń fi mu ún? "Sódà." Ta lẹ máa ń bá mu ún? "Ẹni tó bá wọlé." Èyí ni wọ́n kà tí wọ́n fi gbà pé bàbá nílò ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi rán ọ̀jọ̀gbọ́n sí i.

Ẹgbẹ́ kejì ní àwọn kì í bèèrè ìbéèrè rárá. Páálí ìyàlẹ́nu ni tiwọn: ohun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n á dì. Oṣù àkọ́kọ́, wáìnì funfun aládùn bí oyin ló dé. Oṣù kejì, òun náà ni. Nígbà tó tún dé lóṣù kẹta, Don Abelino gbé fóònù.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyàlẹ́nu máa ń jẹ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkà ni."

Ẹgbẹ́ kẹta ló ní ìgò tó wúwo jù. Mirta ò lè fi ọwọ́ kan gbé e. Bàbá pè wọ́n, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó oníbàárà sì fi ìgbéraga dáhùn pé ọgbà tiwọn ti lajú, ẹ̀rọ ló ń gé ẹ̀ka.

"Ẹ bá mi kí ẹ̀rọ náà," ni bàbá wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Báyìí ló ṣe di ẹni tí gbogbo òpópónà ń wá bá kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́ kankan. Mo fi ń yangàn pé a ò tún fowó ṣòfò lórí ìgò kan láti ìgbà náà wá. Doña Delfina, opó tó ń dá gbé nílé tó wà ní igun òpópónà, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ onígò mẹ́fà lóṣù nítorí ife dáradára kan tí wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

"Doña Delfina, ìgò mélòó lẹ máa ń mu lóṣù?"

"Ọ̀kan. Ife kan ní ọjọ́ ìsinmi, ó tán."

"Márùn-ún tó kù ńkọ́?"

"Mà á tò wọ́n sórí pẹpẹ, á máa dán."

"Ẹ ra òdòdó."

Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ ka iye ẹni tó ń jẹun nídìí tábìlì rẹ̀ kó tó bèèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ó ní kéèyàn bèèrè ọ̀nà àbájáde kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ó ní kó bi wọ́n ní nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà síni létí, kó wá gbọ́ bí ohùn wọn ṣe máa rí.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù ni, Mirta ń yí ñoqui, kókó ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ náà lóṣooṣù, lórí tábìlì, nígbà tí bàbá pe ẹgbẹ́ kẹrin. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ní Mendoza. Ọmọbìnrin kan, Ludmila, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló dá a sílẹ̀, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni wọ́n ti ń ra ọjà. Ludmila fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Ọmọ mi, wáìnì tẹ́ ẹ fẹ́ kó wá yìí, ta ló gé ẹ̀ka rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ojú tì mí pé mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè."

Don Abelino fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Mirta! Èyí la máa wọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò mọ̀."

Láti oṣù yẹn lọ, páálí Ludmila ò dé rí láìsí ìwé pélébé kan nínú rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: èyí, ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló gé e, èyí, ọkùnrin olọ́wọ́ òsì kan ní Junín. Bàbá á kà á sókè ketekete kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ife. Nígbà tó ti fọkàn tán ọmọ náà, ó wá fi iṣẹ́ gidi rán an: ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn kòtò omi.

Oṣù méje ni Ludmila fi wá a. Arrieta àgbà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ọgbà, ẹni tó rà á náà ti tún un tà. Lóṣooṣù, ọmọ náà á pè: "Mi ò tíì rí i, bàbá." Bàbá á ní, "Àjàrà ò lẹ́sẹ̀, ọmọ mi. Ó wà níbì kan." Àmọ́ àyà rẹ̀ ti ń dùn ún lásìkò yẹn, àtẹ̀gùn mẹ́ta ti ń mú un mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹ̀rù sì ń ba àwa tí a mọ ohun tó ń wá. Dókítà ní kó jìnnà sí wáìnì.

"Mi ò mu ún, dókítà," ló fèsì. "Mò ń wá a ni."

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà òtútù tiwa, a jókòó ti abọ́ oúnjẹ ravioli tí Mirta sè, fóònù dún. Mirta ló bá bàbá gbé e, ó sì ṣí i kí gbogbo wa lè gbọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn ohùn Ludmila.

"Bàbá, mo dúró sáàárín wọn báyìí! Ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń gé e lọ́wọ́. Ọlọ́gbà tuntun ń fi wọ́n ṣe wáìnì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kò dà á pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Olórí àwọn tó ń gé e ní kí n bi yín bóyá ẹ̀yin ni Moyano."

"Moyano wo?" Mirta ló bèèrè.

"Ó ní bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun níbí, wọ́n á ní, 'Fi ojú méjì sílẹ̀ lára ẹ̀ka, kí ìkejì kọjú sí ìlà oòrùn. Gé e ní Moyano.' Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé orúkọ àlùmọ́gàjí kan ni. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ni."

Mirta gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

"Bàbá. Ẹ̀yin ni?"

"Bi wọ́n bóyá wọn ò gé e jù," ni Don Abelino ń wí sínú fóònù. "Bonarda ò fẹ́ kéèyàn ṣahun sí òun." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní àlùbọ́sà ni. Àlùbọ́sà ti jinná láti aago mọ́kànlá.

Páálí wáìnì láti ìlà wọ̀nyẹn dé ní oṣù kẹsàn-án. Bàbá gbé ìgò kan síwájú Mirta, òun ló sì kọ́kọ́ bu wáìnì fún. Mirta mu ún tán, ó lọ mú àlùmọ́gàjí wá látinú ilé, ó fa bàbá rẹ̀ lọ sídìí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní kó fi han òun bí wọ́n ṣe ń mọ ojú tó yẹ ní dídá sí. Odindi ọ̀sán ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Igi náà ò so fún ọdún méjì.

Oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí páálí náà dé ni bàbá sùn tí kò jí mọ́. A bá Mirta lọ sọ́fíìsì ìjọba láti forúkọ òkú sílẹ̀. Akọ̀wé bèèrè orúkọ, ó bèèrè ọjọ́ orí, ó sì bèèrè iṣẹ́. Mirta ní, "Agẹ́ka-àjàrà."

"Mo ti kọ òṣìṣẹ́ oko, señora."

"Ẹ pa á rẹ́. Agẹ́ka-àjàrà ni."

"Kò sí lára iṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Mirta fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Àwa tí a mọ bàbá rẹ̀ mọ irú ìjókòó yẹn. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ni ọkùnrin arúgbó kan bá pariwo láàárín wọn:

"Ẹ kọ ọ́ fún un, jàre! Wáìnì tí gbogbo wa ń mu, ṣé òun ló ń gé ẹ̀ka ara rẹ̀ ni?"

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ibi àfikún, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mirta ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí òun kóun rí i. Ó kà á. Ó ní kó fi Maipú kún un. Akọ̀wé fi Maipú kún un.

Ẹ̀rín la rín dé ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni Mirta ti ṣí ìwé tí akọ̀wé fún un, tó ka ìlà kan ṣoṣo yẹn sí wa létí. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tirẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó sì kà á fún òun náà.

"Bàbá mi nìyẹn," ló wí.