Sáfà Tó Ń Pariwo

Ìyá Ìfura ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i. Bó bá ra búrẹ́dì, á tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọkọ ẹ̀ bá ní òun fẹ́ràn ẹ̀, á ní, "Kí lo tún bà jẹ́?" Wọ́n ní alákàn ń fi ojú ṣọ́rí, òun tún fi imú àti etí kún un.

Òun ló ti ṣọ́ọ̀bù ìdirun ẹ̀ pa, tó ta gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa ta íńtánẹ́ẹ̀tì fáwọn ará àdúgbò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé. Bí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, sáfà wọn á kú fin-ín, sáfà yìí sì ni kọ̀ǹpútà ńlá tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo oníbàárà ń gbà kọjá. Bí tiẹ̀ náà bá lọ ń kú bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wo ló fẹ́ padà sí?

Àbúrò ẹ̀ tó ń fa wáyà ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ta sáfà. Imú lọ̀gá yẹn fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ wò ó, ìyá mi! Tuntun! Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Lóòótọ́, sáfà dúdú náà ń ṣẹ́jú wìràwìrà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró ti ẹ̀yìn ẹ̀. Bí Ìyá Ìfura bá yà sọ́tùn-ún, á yà sọ́tùn-ún. Bó bá yà sósì, á yà sósì, bí ẹni tó ń ṣọ́ góòlù.

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Wáyà lásán ni. Eruku á ba aṣọ yín jẹ́."

"Tuntun wo ló ń ní eruku?"

"Àǹtí, ẹ má dójú tì mí o," àbúrò ẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bóyá ó tiẹ̀ yẹ kójú tì ẹ́."

Ó ti ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà iná méjì ló wà lẹ́yìn sáfà, pé bí ọ̀kan bá kú, kí èkejì gbé e. Ó fa ọ̀kan yọ.

"Yéè! Ẹ má..."

Fùùù... kẹ́lẹ́. Gbogbo iná ara ẹ̀ kú. Ibi tí wáyà kejì wọ̀, òfìfo ni, kò sí ohun tó lè gbé iná nínú ẹ̀.

Ìyá Ìfura ò bá a jà. Ó nàka sí sáfà kékeré kan ní kọ̀rọ̀, tí ara ẹ̀ ti họ.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Tiwa tí à ń lò nìyẹn, ìyá mi! A ò tà á o!"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìfura ti fa ọ̀kan yọ nínú wáyà iná méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Píì! Píì! Píì! Sáfà fi igbe ta. Ṣùgbọ́n fáànù ẹ̀ ń fẹ́ lọ, àwọn tó sì ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù wo bọ́ọ̀lù níta ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ó ń pariwo jù," ọ̀gá ní.

"Wọ́n ṣe é léṣe, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tún ní kó má ké? Òun ni mo fẹ́."

Owó tó kà sílẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀gá gbà, ni wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù. Àbúrò ẹ̀ ṣílẹ̀kùn iwájú fún un, àmọ́ ẹ̀yìn ló gùn, ó gbá sáfà mọ́ra.

"Àǹtí, ṣé èmi náà lẹ ń fura sí ni?"

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Máa wa ọkọ̀ lọ jàre."