Onígbàjámọ̀ Tí Kò Jẹ́ Ká Hú Bẹẹrẹ

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Ó-kù-díẹ̀, ọjọ́ tó fá ìlàjì orí ọ̀gá káńsù la kọ́kọ́ máa ń rántí. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀gá náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kó tètè fá òun, iṣẹ́ ń dúró.

"Iṣẹ́ wo nìyẹn, ọ̀gá?"

"A fẹ́ fi katakata hú igbó etí odò yín, ká tẹ́ koríko àjèjì síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní."

Apá ọ̀tún orí ti ń dán nígbà náà. Ó-kù-díẹ̀ ki abẹ bọ àpò.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Pẹ̀lú orí yìí?"

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá. A máa parí ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gba ojú títì kọjá nìyẹn, aṣọ funfun lọ́rùn ọ̀gá. Bẹẹrẹ ló wà létí odò náà, koríko gíga tí àwọn bàbá wa bá níbẹ̀. Ó-kù-díẹ̀ ní kó fa ìdì kan ṣoṣo tu. Tó bá tu, kó hú ìyókù. Ọ̀gá fà á títí, ọwọ́ yọ̀, ó fìdí janlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Gbòǹgbò ẹ̀ ló di ilẹ̀ mú tílé wa ò fi bá odò lọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ wá fẹ́ fá etí odò lẹ́yìn àwa tá a nilé?"

Ọ̀gá ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà lọ fá apá òsì.

Ẹ má pe bẹẹrẹ ní igbó lójú Ó-kù-díẹ̀ o! Tíṣà kan dán an wò; ó fá iwájú orí tíṣà náà wọ́, odindi oṣù kan ló fi gbé e kiri. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àlejò ní koríko ti kú, á ní, "Ó ń sùn ni. Ìwọ náà kì í sùn?" Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, á máa kan ilẹ̀kùn kiri láàárọ̀: "Ẹ wá wò ó, ó ti jí!" Ìyàwó ẹ̀, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, á ní, "Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kàn."

Lọ́dún tí odò kún, òdìkejì, níbi tí wọ́n ti hú tiwọn, ilé ìdáná mẹ́ta ló bómi lọ. Tiwa ńkọ́? Korobá kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ó-kù-díẹ̀ fi ń yan fanda, àwa náà sì ń bá a yan.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló kú. A ò tíì nu omijé tán tí àṣẹ tuntun fi dé láti òkè, katakata sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá yẹn gan-an ló wà níwájú, irun ẹ̀ ti funfun. A sáré tẹ̀ lé wọn. Opó Ó-kù-díẹ̀ ti dúró sétí odò.

Ọ̀gá wo bẹẹrẹ tó gbẹ náà. "Ìyá, ó jọ pé ó ti kú."

"Ó ń sùn ni."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó di ìdì kan mú, ó fà á. Kò mì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa apá òsì orí ẹ̀, ni omi bá lé ròrò sójú ẹ̀. Ó yíjú sí awakọ̀.

"Ẹ dá a padà. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bílẹ̀ ṣe mọ́, a gbọ́ kó, kó, kó lẹ́nu ọ̀nà. Opó náà ni, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Ó ti jí."

Gbogbo wa la jáde.